Iná Ni Àbí Ìwé? Àgbéyẹ̀wò Ọdún 1983 ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ẹni tó bá ti tó ọmọ ọgọ́ta ọdún ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó kò ní í béèrè pé wàhálà èwo, bí ẹnìkan bá dárúkọ wàhálà ọdún 1983 níwájú rẹ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún náà ni. Ìtàn tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gùn: wọ́n jí ìbò gómìnà Ajásin, ará ìlú fárígá, iná sọ, ìbò padà. Bí wọ́n ṣe ń tò ó tẹ̀lé ara wọn nìyẹn, àfi bí ẹni pé iná ló bí ìbò tó padà. Ìtò yẹn ni mo fẹ́ bá jà níhìn-ín. Iná sọ lóòótọ́, ìbò sì padà lóòótọ́, àmọ́ bébà ló dá ìbò padà: ìwé èsì tí òṣìṣẹ́ ìdìbò kọ, tí aṣojú ẹgbẹ́ fọwọ́ sí, tí ẹnìkan rí tọ́jú, tí ẹlòmíràn sì gbé dé iwájú adájọ́. Kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn òpìtàn nìkan lèyí. Ohun tí ọmọ bá gbọ́ pé ó ṣiṣẹ́ fún bàbá rẹ̀ lòun náà máa ń mú dání lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá le.

Ká tó dé ibi iná, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí igi rẹ̀ ti wá. Oṣù Kejì ọdún 1976 ni ìjọba ológun yọ ìpínlẹ̀ Oǹdó kúrò lára ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n fi Àkúrẹ́ ṣe olú-ìlú. Gbogbo Èkìtì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, wọn kò sì dá dúró títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1996. Nígbà tí òṣèlú alágbádá padà dé ní 1979, ẹgbẹ́ UPN ti Awólọ́wọ̀ gba ìpínlẹ̀ náà bí ẹni gba ogún bàbá rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ìbò fún ipò ààrẹ, Awólọ́wọ̀ mú ju mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún lọ. Michael Adékúnlé Ajásin, olùkọ́ ọmọ Ọ̀wọ̀ tó ti wà nídìí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti ìgbà Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group), di gómìnà. Igbákejì rẹ̀ ni Akin Ọmọ́boríowó, agbẹjọ́rò ọmọ Èkìtì, ẹni tó gba ìlànà Awólọ́wọ̀ gbọ́ débi pé ó kọ odidi ìwé lé e lórí. Àwọn méjèèjì kò gbọ́ ara wọn yé lórí ẹni tí yóò gbé àsíá ẹgbẹ́ ní 1983. Ọmọ́boríowó bá ọ̀gá rẹ̀ du tíkẹ́ẹ̀tì, kò rí i mú, ó ní wọ́n yan òun jẹ, ó sì kọjá sínú NPN, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìjọba àpapọ̀ ní Èkó. Àwọn kan tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ẹgbẹ́ méjì tó ń du ipò. Ẹni tí wọ́n jọ jẹun lánàá ló wá di ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀dàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìbínú sí ọ̀dàlẹ̀ máa ń gbóná ju ìbínú sí ọ̀tá lọ.

Ẹ jẹ́ ká ka iye, torí inú iye ni gbogbo ẹjọ́ náà wà. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1983, wọ́n dìbò ààrẹ. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Awólọ́wọ̀ ní ìbò tó lé ní mílíọ̀nù 1.4, ìyẹn bíi ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún. Shehu Shagari ti NPN, ààrẹ ìgbà náà, ní bíi 366,000, tí kò ju ìdá 20 lọ. Ọjọ́ méje péré lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ kẹtàlá, àwọn ènìyàn yìí kan náà padà sójú ìbò láti yan gómìnà. Nígbà tí FEDECO, àjọ tó ń ṣètò ìbò nígbà náà, kéde èsì, wọ́n ní Ọmọ́boríowó ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 1.2, Ajásin sì ní ohun tó fi díẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Ìyẹn ni pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìbò NPN di ìlọ́po mẹ́ta ó lé, nígbà tí nǹkan bí ogún ọ̀kẹ́ ènìyàn tó dìbò fún UPN ní Sátidé kan kò sí mọ́ ní Sátidé kejì. Kò sí ọdẹ tó lè sọ ibi tí irú agbo ẹran bẹ́ẹ̀ gbà lọ láìrí ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Àwọn alátìlẹ́yìn NPN ní àlàyé tiwọn, kò sì yẹ ká fi ọwọ́ gbá a dànù. Wọ́n ní Shagari jẹ́ àjèjì, Ọmọ́boríowó sì jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ náà. Wọ́n ní Èkìtì ti ń kùn pé àwọn ló pọ̀ jù nínú ìpínlẹ̀, síbẹ̀ Ọ̀wọ̀ ló ń ṣe gómìnà. Wọ́n ní ẹni tó dìbò fún Awólọ́wọ̀ gẹ́gẹ́ bí ààrẹ lè yàn láti fún ọmọ ìyá rẹ̀ ní ti gómìnà. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Kódà ìwọ̀n tí ilé-ẹjọ́ fi wọn ìbò náà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn fi í hàn: Ajásin ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 1.5, Ọmọ́boríowó sì ní bíi 703,000. Ẹ wo iye kejì yẹn dáadáa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí Shagari rí. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó dìbò fún ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, mẹ́ta ló fẹ́ Ọmọ́boríowó. Nítorí náà, èrò tó wọ́pọ̀ pé ọkùnrin náà kò ní ènìyàn, pé ìwọ̀nba àwọn tí wọ́n fi owó rà ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kò bá ẹ̀rí mu. Ó ní ènìyàn. Ènìyàn tó ní ni kò tó láti wọlé. Àwọn mẹ́ta nínú mẹ́wàá yìí kò sì jìnnà sí àwọn méje yòókù, inú àgbàlá kan náà ni wọ́n ń gbé, ọjà kan náà ni wọ́n ń ná, ọ̀pọ̀ sì jẹ́ àna ara wọn.

Ìkéde náà ni epo tó dà sí i. Ní Àkúrẹ́, àwọn èrò tú jáde, wọ́n sọ iná sí ilé àti ọkọ̀ àwọn tí wọ́n mọ̀ sí NPN, wọ́n sì wá àwọn òṣìṣẹ́ FEDECO kiri. Ní Oǹdó náà, ilé jó, dúkìá ṣòfò, àwọn tí ẹgbẹ́ wọn kò bá ti ìlú mu sá àsálà. Wọ́n pa ènìyàn. Èyí tí orúkọ rẹ̀ kò parẹ́ jù nínú wọn ni Ọláìyá Fágbàmígbé, tí àwọn jàǹdùkú pa ní Àkúrẹ́. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbi ti ọkùnrin yìí. Òǹtẹ̀wé ni. Àkúrẹ́ níbẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé rẹ̀ wà, nígbà tí ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé gidi kì í ronú kọjá Ìbàdàn àti Èkó. Ilé-iṣẹ́ yìí ló kó ọ̀rọ̀ tí Awólọ́wọ̀ sọ káàkiri jọ, tó tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní ọdún 1981. Fágbàmígbé ti ṣe UPN, kó tó bọ́ sínú NPN. Ẹni tó sọ ohùn Awólọ́wọ̀ di ìwé ni àwọn tó ń pariwo orúkọ Awólọ́wọ̀ pa. Bí ẹnìkan bá ní iná 1983 mọ ẹni tó ń jó, kó wá ṣàlàyé eléyìí fún wa.

Nígbà tí èyí ń lọ lójú títì, ohun mìíràn ń lọ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ìwé èsì ìbò kì í ṣe ohun tó wu ojú. Ewé bébà kan ni, ìlà fún orúkọ ẹgbẹ́, ìlà fún iye, àyè fún ìbuwọ́lùwé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ka ìbò tán lójúbò, òṣìṣẹ́ á kọ iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní sí i, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ á wò ó, wọ́n á fọwọ́ sí i, wọ́n á sì gba ẹ̀dà tiwọn. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, télọ̀, àgbẹ̀ oníkòkó tó mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà díẹ̀, irú àwọn wọ̀nyí ló máa ń ṣe aṣojú. Láti ojúbò ni iye náà yóò ti máa gòkè, tí wọ́n á máa rò ó pọ̀ títí tí yóò fi dé Àkúrẹ́. Àṣírí ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ yí ìbò padà lókè lè yí àròpọ̀, àmọ́ kò lè yí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ewé bébà tó ti fọ́n ká abẹ́ ìbùsùn àti inú àpótí aṣọ àwọn ènìyàn láti Ìlàjẹ dé Ìjerò. Ohun tí Ajásin àti àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ ṣe nìyẹn. Wọ́n gbé ìwé èsì lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ní Àkúrẹ́, wọ́n ní kí wọ́n tún un rò. Nígbà tí wọ́n tún un rò, kò bá ohun tí FEDECO kéde mu, ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí a lè pè ní àṣìṣe àròpọ̀. Ilé-ẹjọ́ ní Ajásin ló wọlé. NPN pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó já lé wọn lórí; wọ́n dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, ìdájọ́ náà kò yí padà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1983, Ajásin búra fún sáà kejì.

Àwọn tí kò gbà máa ń sọ pé ẹ̀rù iná ló ba àwọn adájọ́. Pé bí Àkúrẹ́ bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, ìwé yòówù kí wọ́n gbé lọ kò ní í jẹ́ nǹkankan. Àtakò tó lágbára nìyí, mi ò sì ní í ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó dájú pé kò sí ẹni tó jókòó sí kóòtù Àkúrẹ́ lóṣù náà tí kò gbóòórùn èéfín. Àmọ́ ìdánwò kan wà tí a lè fi wò ó. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ayé ìgbà náà, tí Ọ̀ṣun wà nínú rẹ̀, ṣe irú ìbò yìí lọ́jọ́ kan náà. FEDECO ní Ọmọlolú Olúnlọ́yọ̀ ti NPN ló na Bọ́lá Ìgè ti UPN. Níbẹ̀ náà rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀, ní Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ pàápàá, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn. Ìgè lọ sí kóòtù, ẹjọ́ rẹ̀ dé òkè pátápátá, ó sì fìdí rẹmi. Olúnlọ́yọ̀ búra lọ́jọ́ kan náà tí Ajásin búra. Bó bá jẹ́ pé iná ló ń darí ọwọ́ adájọ́, kí ló dé tí ti Ọ̀yọ́ kò darí rẹ̀? Ibi tí iná ti sọ ní ọ̀tún àti ní òsì, tí ọ̀kan jàre tí ìkejì sì jẹ̀bi, ó di dandan ká wá ohun tó yàtọ̀ láàárín wọn níbòmíràn, ìyẹn nínú ohun tí olúkúlùkù gbé síwájú kóòtù.

Àwọn mìíràn gbà á láti ẹ̀yìn: wọ́n ní kóòtù Àkúrẹ́ ti Ajásin ni, pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń san owó oṣù àwọn adájọ́ rẹ̀. Ká tiẹ̀ fi èyí fún wọn. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti àpapọ̀ ń kọ́? Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ń kọ́? Ìjọba tí NPN ń darí ni wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn adájọ́ ibẹ̀ kò sì ní ilé ní Àkúrẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè sun. Síbẹ̀ wọ́n dúró ti ohun tí ìwé wí.

Ó ṣàǹfààní ká padà sẹ́yìn sí ọdún 1965, torí inú rẹ̀ ni àwọn ènìyàn 1983 ti kọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n dìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, ẹgbẹ́ Dẹ́mọ ti Ládòkè Akíntọ́lá sì pe ara rẹ̀ ní aborí. Èrú ibẹ̀ ju ti 1983 lọ ní ọ̀nà kan tó ṣe kókó. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òṣìṣẹ́ tó yẹ kó gba fọ́ọ̀mù olùdíje alátakò sá pamọ́, kí wọ́n lè sọ pé ẹni Dẹ́mọ wọlé láìní alábàádíje. Níbi tí kò ti sí ìbò, kò sí ìwé èsì. Níbi tí kò ti sí ìwé, kí ni ènìyàn fẹ́ gbé lọ sí kóòtù? Wẹ́tìẹ̀, ìyẹn sísun ilé àti ènìyàn, ló kù. Wọ́n da bẹntiróòlù lé ilé àti ènìyàn lórí jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá fún oṣù mẹ́ta. Ìbò kò padà. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, ológun dé, wọ́n pa Akíntọ́lá, wọ́n sì jókòó sórí àga fún ọdún mẹ́tàlá. Ẹni tó bá ń fi wẹ́tìẹ̀ yangàn kò ka ìtàn náà dé ìparí.

Iyàn yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ìlú Birmingham, ní Alabama lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọdún 1963 ni tiwọn. Àwọn aláwọ̀ dúdú fẹsẹ̀ rìn, àwọn ọmọ ilé-ìwé wà nínú wọn, ọ̀gá ààbò ìlú náà, Bull Connor, tú ajá sí wọn, ó sì fi omi tó lágbára lù wọ́n, gbogbo ayé ń wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n. Ní oṣù Karùn-ún, lẹ́yìn tí bọ́ǹbù dún níbi tí àwọn aṣáájú wọn wọ̀ sí, àwọn kan fi ìbínú ju òkúta, wọ́n sì sun ṣọ́ọ̀bù. Ní oṣù Kẹsàn-án, bọ́ǹbù pa ọmọbìnrin mẹ́rin nínú ilé ìjọsìn. Títí di òní, wọ́n ṣì ń jiyàn lọ́hùn-ún: ṣé sùúrù àwọn tó ń rìn ló bí òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 1964, àbí ẹ̀rù pé iná yóò ràn? Ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ kó yé wa. Ní Alabama, wọn kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ dúdú forúkọ sílẹ̀ láti dìbò rárá, nítorí náà ojú títì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń sọ̀rọ̀. Ní Àkúrẹ́, àwọn ènìyàn ti dìbò, wọ́n ti kà á, ó sì wà lákọsílẹ̀. Ohun tí àwọn ará Birmingham ń wá ti wà lọ́wọ́ àwọn ará Àkúrẹ́.

Ẹ̀rí tó wù mí jù kò sí nínú 1983 fúnra rẹ̀, ó wà ní ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2007, wọ́n kéde pé Olusegun Agagu ti PDP ló tún wọlé gómìnà. Olusegun Mimiko ti ẹgbẹ́ Labour, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó, ní irọ́ ni. Irú ọ̀rọ̀ kan náà, ìlú kan náà, ìbínú kan náà. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ìwé ló ṣáájú. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìbò ní Àkúrẹ́ dá Mimiko láre ní oṣù Keje ọdún 2008; ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Benin fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kejì ọdún 2009; Mimiko búra lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Kò sí pé wọ́n pa òǹtẹ̀wé kankan kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé mi ṣubú yóò sọ pé oṣù méjìlélógún ni Mimiko fi dúró, nígbà tí Ajásin kò dúró ju ọ̀sẹ̀ méje lọ. Pé iná ló mú ti àkọ́kọ́ yá. Mo gbà pé ìdúró náà pọ̀ jù, ẹni tí ìbò kò gbé wọlé sì ti ná owó ìlú fún nǹkan bí ọdún méjì. Ṣùgbọ́n ètò òfin ló fa ìyàtọ̀ náà. Ní 1983, àyè wà láàárín ìdìbò àti ọjọ́ ìbúra láti gbọ́ ẹjọ́, gbogbo kóòtù sì sáré kó lè bá ọjọ́ náà. Ní 2007, kò sí gbèdéke. Nígbà tí wọ́n tún òfin ilẹ̀ wa ṣe ní 2010, wọ́n fún ìgbìmọ̀ ìbò ní 180 ọjọ́, wọ́n fún kòtẹ́milọ́rùn ní 60. Pẹ́nì ló ṣe ìyẹn pẹ̀lú.

Ibi tí àríyànjiyàn mi ti rọ ni ìbò ààrẹ ọdún 1993. Ìwé èsì wà, iye wà, gbogbo ayé mọ̀ pé Abíọ́lá ló wọlé, ìpínlẹ̀ Oǹdó sì dìbò fún un rẹpẹtẹ. Ìjọba ológun fagi lé e, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé agbára kóòtù. Ajásin, ẹni tí ìwé gbà là ní 1983, ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà tó di aṣáájú NADECO, ẹgbẹ́ tó ń béèrè pé kí wọ́n dá ìbò náà padà, ní 1994, kò sì sí adájọ́ tó lè gbé ìwé kankan lọ bá. Ó kú ní 1997 láì rí òpin rẹ̀. Ìwé kì í ṣiṣẹ́ níbi tí kò ti sí kóòtù, mi ò sì ní ìdáhùn fún ẹni tó bá bi mí pé kí ni ká wá ṣe nígbà náà, àfi pé ká rántí bí kóòtù ṣe kọ́kọ́ lọ. Sáà kejì Ajásin fúnra rẹ̀ kò ju oṣù mẹ́ta lọ. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983, àwọn ológun padà dé, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ọ̀rọ̀ ajé tó dẹnu kọlẹ̀ wà lára ohun tó gbé wọn dé, kì í ṣe èéfín Àkúrẹ́ nìkan. Àmọ́ rúkèrúdò ìbò ọdún náà wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe àwáwí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fi ti 1965 ṣe é.

Yunifásítì tó wà ní Akùngbá-Àkókó ń jẹ́ orúkọ Ajásin lónìí. Ti Fágbàmígbé kò sí lára ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan. Ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé Awólọ́wọ̀ ti 1981 ló wà, nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tó tẹ ìwé sí, pẹ̀lú orúkọ ìlú tó ti tẹ̀ ẹ́: Àkúrẹ́.